Wọ́n ní ìyàwó mi ti fún mi ní nǹkan jẹ, torí pé mo ń hun bàtà òwú fún ìyá mi

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti olóṣèlú tó kówó jẹ, kì í sì í ṣe ti òṣèré tó kó jáde nílé ọkọ. Tèmi gan-an ni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi ládùúgbò, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló kọ́kọ́ rí mi. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, iná ò sí, mo bá gbé àga jáde síwájú ilé, mo tan iná oníbátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ki awò bọjú, mo gbé wúùlù lé itan, píìnì gígùn méjì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń kà á sókè bí ẹni tó ń ka owó èsúsú: mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún, márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dádì." Mo ní, "O ṣeun o." Mo rò pé ó tán síbẹ̀ ni. Àṣé kò tán. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ata. Àwọn kan ní wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́, pé mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Àwọn kan ní ìyàwó mi ló po nǹkan mọ́ ẹ̀fọ́ fún mi jẹ, pé ọkùnrin tí orí ẹ̀ bá pé kò ní jókòó síta gbangba kó máa hun wúùlù. Ṣùgbọ́n èyí tó bí ìyàwó mi nínú jù ni tàwọn tó ní ó ti lóyún, pé bàtà ọmọ ni mò ń hun sílẹ̀. Ẹni ọdún 51! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi ra bọ̀ọ̀lì.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà rèé. Màámi ni mò ń hun bàtà fún.

Màámi ti lé lẹ́ni 80 ọdún, ọ̀dọ̀ wa l'Ékòó ni wọ́n ń gbé báyìí. Nílé wọn lábúlé, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń tẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì ti mọ̀ ọ́n. Ilé tiwa níbí, táìlì ló wà ńlẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé balùwẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ wá mú, táwọn èèyàn ń jí pẹ̀lú ètè tó ti bó, ilẹ̀ yẹn tutù bí ẹni pé inú fìríìjì la kọ́lé sí. Àárọ̀ kùtù ni Màámi máa ń jí lọ tọ̀, màá sì máa gbọ́ ọ láti inú yàrá bí wọ́n ṣe ń ṣe "ṣìọ̀, ṣìọ̀" ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀. Mo ra ìbọ̀sẹ̀ fún wọn. Rọ́bà ẹnu ẹ̀ fún wọn lọ́rùn ẹsẹ̀, ojú ẹ̀ sì hàn bí ibi tí wọ́n fokùn so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ra sílípáàsì onírun, ó wúwo, ó sì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní ṣé ajá ni mo fẹ́ káwọn máa wọ́ kiri inú ilé ni.

Ọjọ́ kan la jọ jókòó, ni wọ́n bá dédé ní, "Àkànní, ǹjẹ́ o rántí àwọn bàtà òwú tí mo máa ń hun?" Báwo ni mi ò ṣe ní í rántí? Mẹ́fà ni wọ́n bí wa, kò sí ẹni tí kò wọ bàtà òwú ọwọ́ wọn nínú wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n hun fún ọmọ aládùúgbò, wọ́n hun fún ọmọ àlejò. Wọ́n wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń wò ó. Ìka wọn ti ká wọlé, ojú ò sì ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yìí ṣì gbọ́ tèmi ni, ọjọ́ mẹ́ta ni mà bá fi hun tèmi náà." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ní kí n báwọn tan rédíò. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ọmọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn á kàn lọ tan rédíò, táá sì lọ sùn?

Ni mo bá gba Balógun lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta wúùlù irun ni mo ya sí. Ẹ̀yin obìnrin mọ èyí tí mò ń wí, èyí tẹ́ ẹ fi ń di irun, tẹ́ ẹ ń pè ní Brazilian wool. Mo rò pé wúùlù tí wọ́n fi ń hun nǹkan yàtọ̀ sí i ni, ìyá náà ní bàbá kan náà ló bí wọn. Gbogbo ẹ̀ la kàn ń pè ní wúùlù nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ wúùlù gidi, ara àgùntàn ni wọ́n ti ń rẹ́ ẹ. Èyí tó kún ọjà wa, àtèyí tí wọ́n fi ń hun fìlà ọmọ, àtèyí tí wọ́n fi ń di irun, iléeṣẹ́ ni wọ́n ti fi kẹ́míkà ṣe é, akírílíìkì ni wọ́n ń pè é. Kò burú náà. Ó ń móoru, kò wọ́n, tẹ́ ẹ bá sì fọ̀ ọ́, kì í súnkì bíi ti àgùntàn tó bá kan omi gbígbóná. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù lára ẹ̀ ni iná. Yíyọ́ ló máa ń yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ara èèyàn, nítorí náà ẹni tó bá wọ̀ ọ́, kó jìnnà sídìí sítóòfù.

Ìyá Oníwúùlù bi mí pé, "Ṣé ìyàwó yín ló rán yín ni?" Mo ní rárá, pé èmi ni màá hun ún. Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ta àga kékeré sí mi, ó ní kí n jókòó. Mi ò lè san oore ìyá yẹn. Láàárín èrò ọjà, bó ṣe ń dá oníbàárà lóhùn ló ń kọ́ mi, kò sì gba kọ́bọ̀ kún owó wúùlù àti píìnì tí mo rà.

Nígbà tá a wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, igi ìgbálẹ̀ làwọn ọmọbìnrin fi ń hun nǹkan, àwọn tí bàbá wọn sì ní kẹ̀kẹ́ máa ń fi sípóòkù. Àwa ọkùnrin, wọ́n á ní ká lọ gbẹ́ ọmọrí odó wá. Bó ṣe di pé mo lé lẹ́ni 50 ọdún kí n tó di píìnì mú nìyẹn. Tèmi nípọn tó mìlímítà 4, wọ́n kọ ọ́ sí i nídìí. Tí wúùlù yín bá tínrín, ẹ pa á pọ̀ ní méjì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yé mi. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n, kó fo ibí yìí kọjá. Ojú 36 ni wọ́n ní kí n kó sórí píìnì òsì. Bí àwọ̀n apẹja ṣe ní ojú, bẹ́ẹ̀ náà ni òwú híhun ní ojú, ojú kan sì ni ìkọ́ kan tó rọ̀ mọ́ orí píìnì. Píìnì ọ̀tún lẹ máa tì bọ inú ojú àkọ́kọ́. Ẹ wá fi òwú wé orí ẹ̀, ẹ fà á gba inú ojú yẹn jáde, ẹ sì jẹ́ kí ojú àtijọ́ bọ́ kúrò lórí píìnì òsì. Ojú tuntun ti wà lórí ti ọ̀tún nìyẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí ti òsì á fi ṣófo, ẹ pààrọ̀ ọwọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí àwòmọ́ kankan níbẹ̀, ìlà kan náà ni léraléra, ó sì ń fúyẹ́, ó ń fà bíi rọ́bà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu dùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi le bí igi. Mo dè é débi pé píìnì ò wọlé mọ́. Ìyá náà ní kí n tú u, kí n pa píìnì méjèèjì pọ̀ kí n tó kó ojú lé e, kí n wá fa ọ̀kan yọ, ìdí ẹ̀ á fi rọ̀. Ó rọ̀ lóòótọ́. Mo gbé e délé, mo hun ún fún ọjọ́ mẹ́rin, mo wá kà á. Ojú 36 tí mo kó lé e ti di 43! Bàtà tó yẹ kó rí gbọọrọ ń fẹ̀ lọ sókè bí etí fìlà abetí-ajá. Mo rò pé ẹnì kan ló ń bá mi fi kún un lóru ni. Mo padà lọ bá ìyá náà, wíwò tó wò ó báyìí, ó ti mọ ibi tí mo ti jìn sí kòtò. Ó ní nígbà tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìlà, mò ń fa òwú gba orí píìnì lọ sẹ́yìn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú àkọ́kọ́ là sí méjì, èmi náà á wá hun méjèèjì. Kí n máa fà á wálẹ̀ níwájú ná, kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló gbà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ máa ka ojú yín lẹ́yìn ìlà mẹ́rin mẹ́rin, ẹ má ṣe bíi tèmi tó sinmi lé orí.

Bí ojú kan bá sì bọ́, ẹ má sunkún. Á máa já bọ̀ láti ìlà dé ìlà bí àkàbà, ṣùgbọ́n píìnì kọrọṣé táwọn onídìrí fi ń ṣe irun lè kó o padà. Ti ọmọ mi obìnrin ni mo jí lò.

Inú ọkọ̀ ni mo ti hun èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gba orí Third Mainland lọ síbi iṣẹ́ mọ bí gosiló ṣe ń jẹ ayé ẹni. Mo bá ní dípò kí n máa wo bọ́ọ̀sì iwájú, kí n máa hun ìlà mi lọ. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan bojú wẹ̀yìn, ó pariwo pé, "Bàbá, oṣù mélòó ló kù tẹ́ ẹ máa bí?" Gbogbo ọkọ̀ dà sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mi ò parọ́. Mo kó o sápò títí tá a fi dé Ọ̀bálẹ́ndé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, tí mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó wá ń bí mi nínú. Ta ló sọ fún wa pé iṣẹ́ obìnrin ni? Ẹ lọ sí Ìṣẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo àwọn tó jókòó sídìí òfì, tí wọ́n ń hun aṣọ òkè táwọn gbajúmọ̀ ń fi ṣe ìgbéyàwó. Láti ayébáyé, ọkùnrin ni wọ́n, àwọn obìnrin tiwọn ní òfì olóòró tí wọ́n ń hun kíjìpá lórí ẹ̀ nínú ilé. Agbádá tẹ́ ẹ wọ̀ lọ sóde, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ sí láyà, ọkùnrin ló jókòó tó fi abẹ́rẹ́ kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó pè é lóbìnrin. Tó bá wá kan wúùlù, ẹnu dà rẹrẹ!

Ká tiẹ̀ kúrò nílẹ̀ wa. Ní erékùṣù Taquile tó wà nínú odò ńlá Titicaca ní Peru, àwọn ọkùnrin ló ń hun fìlà, láti kékeré sì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. UNESCO pàápàá kan sáárá sí iṣẹ́ ọ̀nà wọn lọ́dún 2005. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Lee tó ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hun ìbọ̀sẹ̀ lọ́dún 1589, ọkùnrin ni. Ẹ sì rí Tom Daley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń bẹ́ látòkè sínú omi tẹ́lẹ̀. Òun àti Matty Lee gba góòlù níbi ìdíje Olympics ní Tokyo lọ́dún 2021. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà ká a mọ́ láàárín èrò ìwòran, táwọn yòókù ń pariwo, tòun jókòó jẹ́ẹ́ tó ń hun wúùlù. Ó tún hun àpò kékeré fún góòlù ẹ̀ kí nǹkan má baà ha á. Mo fi fọ́tò ẹ̀ han ìyàwó mi, ó wò ó títí, ó ní, "Tiyín ò tíì tó tiẹ̀ ṣá." Mi ò bínú, ara ilé ẹni ní í sọ òótọ́ fún ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká parí bàtà. Ẹsẹ̀ Màámi gùn ní íǹṣì 9 ààbọ̀. Mo hun ti ìlà kan náà yẹn dé íǹṣì 6, lẹ́yìn náà ni mo yí i padà: mo hun ojú méjì lọ síwájú, mo hun méjì sẹ́yìn, ìyẹn ni pé mo gbé òwú wá síwájú, mo sì ti ọwọ́ iwájú ki píìnì bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé íǹṣì 2 ààbọ̀. Ibẹ̀ ló máa fún mọ́ ọrùn ìka ẹsẹ̀. Mo wá ń pa ojú pọ̀ ní méjì méjì, 36 di 18, mo hun ìlà kan, mo tún pa wọ́n pọ̀, 18 di 9. Mo gé òwú, mo fi abẹ́rẹ́ fà á gba inú 9 tó kù, mo sì fún un bí ẹnu àpò olókùn. Orí bàtà nìyẹn. Mo rán etí méjèèjì pọ̀ láti ibẹ̀ wá dé ibi tí mo ti yí híhun padà. Mo wá ṣẹ́ ìdí ẹ̀ sí méjì, mo rán an, ó di gìgísẹ̀. Aṣọ pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ mi dédé di bàtà! Ẹ̀yin èèyàn mi, mo hó yèè nínú yàrá. Ẹ rántí o, bàtà gbọ́dọ̀ kúrú díẹ̀ sí ẹsẹ̀ tó máa wọ̀ ọ́, torí pé wúùlù máa ń fà. Gbogbo kókó òwú, ẹ jẹ́ kó wà níta, pàápàá fún àgbà tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí ẹsẹ̀ irú wọn lè má mọ̀ pé nǹkan ń ha òun títí tó fi máa di egbò.

Oṣù méjì àtọ̀sẹ̀ kan ni mo fi hun méjèèjì. Ti òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kó o fún Màámi, wọ́n fi ọwọ́ pa á yíká, wọ́n ń fi ìka ka ìlà ẹ̀ torí pé ojú wọn ò rí i dáadáa. Wọ́n ní, "Ìwọ lo hun èyí?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Ìlà keje yìí, o dè é jù." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, wọ́n kì mí láti ìdílé bàbá mi dé ti tiwọn, ìyàwó mi ní láti lọ gbé omi wá fún èmi tí mò ń sunkún.

Ká ní ibẹ̀ ló tán sí, ìtàn ayọ̀ ni. Lọ́jọ́ kẹrin, ní nǹkan bíi aago márùn-ún àárọ̀, a gbọ́ "gbàgà!" ní ọ̀nà balùwẹ̀. Mo fò dìde. Màámi ló fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ fírémù ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ wọn kan ti yọ̀ lọ síwájú, bàtà òwú ọwọ́ mi ló wà lẹ́sẹ̀ yẹn. Ìgò omi tó wà lórí àga ni wọ́n gbá dànù. Ọpẹ́lọpẹ́ fírémù yẹn. Ẹni tó ti lé ní 80 ọdún, tó bá fi ìdí lulẹ̀ lórí táìlì, egungun ìbàdí ló ń kán, ẹ̀yin náà sì mọ iye àgbà tó jẹ́ pé látorí irú ẹ̀ ni wọn ò ti dìde mọ́. Ara mi gbọ̀n dé alẹ́. Àṣé gbogbo bí mo ṣe ń ka ojú òwú, mi ò rò ó rí pé wúùlù lórí táìlì, bí ọṣẹ ni. Ìyá Oníwúùlù ò sọ ọ́, bàtà ọmọ lòun mọ̀, ọmọ tuntun kì í sì í rìn.

Mo ní kí n kó o dànù. Màámi kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bàtà àwọn. Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ṣúmékà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọgánáísà. A tọrọ tíúbù mọ́tò tó ti bẹ́, ó gé e ní ìrísí àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi bíríkì ha ojú ẹ̀ kó má baà dán, ó lu ihò sí i létí yíká, èmi sì fi òwú híhá rán an mọ́ abẹ́ bàtà. Mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fúnra mi, mo da omi sórí táìlì, mo rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tó jẹ́ kí wọ́n kì í bọ ẹsẹ̀. Ó dì mọ́lẹ̀ gírígírí. Mo tún ní kí wọ́n kan igi dídìmú sára ògiri ọ̀nà balùwẹ̀, torí ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún jókòó síwájú ilé, mò ń hun èkejì, aláwọ̀ aró, nítorí Màámi ní èyí tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ni obìnrin oníbọ̀ọ̀lì yẹn bá dé, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ pa nǹkan mọ́ sábẹ́ ìborùn. Mo rò pé bọ̀ọ̀lì ló gbé wá. Wúùlù ni, àti igi ìgbálẹ̀ méjì tó ti fi ọ̀bẹ họ. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú sọ́rọ̀ ọjọ́sí. Ìyá tèmi náà ní ilẹ̀ ń tutù fáwọn." Ìyàwó mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò dáhùn, ó kàn wọlé lọ gbé àga kejì jáde fún un.

Ojú 36 ni mo ní kó kó lé e. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó kà á, ó ti di 39.